Orúkọ tí Òfin Pa: Ọ̀ràn Ìdílé MacGregor, 1603 sí 1774

Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin ọdún 1603, Ìgbìmọ̀ Ọba ilẹ̀ Skọ́tíláǹdì jókòó, wọ́n sì dá orúkọ kan lẹ́jọ́. Wọ́n ní láti ọjọ́ náà lọ, gbogbo ẹni tó ń jẹ́ Gregor tàbí MacGregor gbọ́dọ̀ kọ orúkọ náà sílẹ̀, kí wọ́n wá òmíràn jẹ́. Ọmọ wọn kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹ, ọmọ ọmọ wọn kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹ. Ẹni tó bá ṣì ń jẹ́ ẹ, ikú ni. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn èyí, Ọba James Kẹfà kúrò ní Edinburgh, ó gba ọ̀nà London lọ láti gorí ìtẹ́ Elizabeth, ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó wàjà ní oṣù Kẹta. Ọ̀rọ̀ àwọn MacGregor wà lára ohun tó fẹ́ parí kó tó lọ.

Yorùbá ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Bóyá ìdí nìyẹn tí ọ̀ràn yìí kò fi kúrò lọ́kàn mi láti ìgbà tí mo ti kọ́kọ́ kà á. Mo ti ka nípa òfin tó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ènìyàn, èyí tó gba ohun ìjà, èyí tó gba ẹ̀sìn. Òfin tó wọlé lọ bá ìyá tó ń gbé ọmọ jò, tó sọ fún un pé orúkọ bàbá ọmọ yìí kò gbọdọ̀ jáde lẹ́nu rẹ̀ mọ́, ó ṣọ̀wọ́n. Bí a bá yọ ọdún 32 tí wọ́n fi gbé e kúrò láàárín, ọdún 139 ni òfin náà fi wà lórí ìdílé yìí.

MacGregor kò ṣòro túmọ̀. Ní èdè Gaelic, èdè àwọn ará òkè ilẹ̀ Skọ́tíláǹdì, "Mac" ni ọmọkùnrin. MacGriogair ni ọmọ Griogar. Obìnrin ìdílé kan náà a máa jẹ́ NicGriogair. Griogar yìí ni Gregory tí ọ̀pọ̀ póòpù ti jẹ́. Èdè Gíríìkì ló ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ẹni tí kò sùn, ẹni tó ń ṣọ́nà. Ìdílé náà ní gbólóhùn kan tí wọ́n fi ń ki ara wọn: "'S rìoghal mo dhream", ìran ọba ni ìran mi. Wọ́n ní ara Alpin ni àwọn ti ṣẹ̀, Alpin bàbá Kenneth tó jọba ní ọ̀rúndún kẹsàn-án. Oríkì ni mo gbà pé èyí jẹ́, bí a ṣe ń gba oríkì orílẹ̀ tiwa: ó ń sọ irú ẹni tí wọ́n gbà pé àwọn jẹ́, bí kò tilẹ̀ sí ìwé tó lè gbè é lẹ́sẹ̀. Ibi tí ìtàn ti rí ilẹ̀ tẹ̀ dáadáa ni ọ̀rúndún kẹrìnlá, ní àfonífojì Glen Orchy, níbi tí Iain Cam, Iain Olójú Kan, ti jẹ́ olórí wọn kó tó kú ní 1390. Wọn kì í sì í ṣe ìdílé tí kò mọ̀wé. James MacGregor, àlùfáà àgbà Lismore, àti àbúrò rẹ̀ Duncan ló kó ewì Gaelic jọ sínú ìwé ní Fortingall ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún 16. Bí kì í bá ṣe tiwọn, púpọ̀ nínú ewì àtijọ́ èdè náà ì bá ti ṣègbé.

Ilẹ̀ ló dá ìjà sílẹ̀. Ó ti pẹ́ tí àwọn MacGregor ti ń gbé Glen Orchy, Glenstrae, Glen Lyon àti àyíká adágún Loch Katrine, idà ni wọ́n sì fi ń sọ pé tiwọn ni. Àwọn Campbell tó múlé tì wọ́n, ìwé ni wọ́n fi ń sọ tiwọn. Ẹni tó bá ti tẹ̀lé ẹjọ́ ilẹ̀ rí yóò ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Nǹkan bí ọdún 1450 ni Colin Campbell kọ́ ilé olódi Kilchurn sí etí Loch Awe, ní ẹnu ọ̀nà Glen Orchy gan-an. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn MacGregor di àgbàtọ́jú lórí ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sin bàbá wọn sí. Ní 1556, Colin Campbell mìíràn, tí wọ́n ń pè ní Colin Ewú, ra àṣẹ lórí Glenstrae. Nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin tí ogún ibẹ̀ tọ́ sí, Griogair Ruadh, Gregor Pupa, dàgbà tó, tó wá béèrè ilẹ̀ bàbá rẹ̀, Colin kọ̀ jálẹ̀.

Campbell sì ni ìyàwó Gregor Pupa yìí o. Marion ni orúkọ rẹ̀, ọmọ olórí àwọn Campbell ti Glen Lyon. Ó fẹ́ ọkọ tí àwọn ẹbí rẹ̀ ń dọdẹ. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin 1570, Colin Ewú bẹ́ orí Gregor ní Balloch, lẹ́bàá Loch Tay. Marion kọ orin fún ọkọ rẹ̀, orin ìdárò tó fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún, tó sì tún fi ń ṣépè fún ìdílé tí wọ́n ti bí i. Títí di òní ni àwọn tó ń sọ Gaelic ṣì ń kọ ọ́. Ọmọkùnrin méjì ló bí fún Gregor: Alasdair, àti Iain Dubh, Iain Dúdú. Ẹ bá mi fi àwọn ọmọ méjèèjì yìí sọ́kàn.

Ẹni tó bá ń retí kí n sọ pé àwọn MacGregor kò ṣẹ̀ rárá, mi ò ní sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n lé wọn kúrò lórí ilẹ̀, màlúù onímàlúù ni wọ́n sì ń kó jẹ. Ní 1589, wọ́n pa John Drummond tó ń ṣọ́ igbó ọba ní Glenartney, wọ́n gé orí rẹ̀, wọ́n sì gbé orí náà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Balquhidder. Ọ̀dọ́ ni Alasdair nígbà náà, òun sì ni olórí ìdílé. Ó gbé ọwọ́ lé orí òkú náà, àwọn èèyàn rẹ̀ tẹ̀lé e lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì búra pé gbogbo àwọn làwọn jọ pa á. Ìwà ìkà gbáà ni. Ṣùgbọ́n ohun tí ìbúra náà dá sílẹ̀ ju ìkà ọjọ́ kan lọ: gbogbo ẹni tó ń jẹ́ orúkọ náà ló fi ẹnu ara rẹ̀ gba ẹ̀bi náà. Ọdún 14 lẹ́yìn rẹ̀, ìjọba gba ọ̀rọ̀ wọn gbọ́.

Ní ìparí 1602, àwọn MacGregor ya wọ ilẹ̀ àwọn Colquhoun ti Luss, lẹ́bàá Loch Lomond. Olórí àwọn Colquhoun kó àwọn obìnrin lọ bá ọba ní Stirling, wọ́n gbé ẹ̀wù ẹlẹ́jẹ̀ àwọn èèyàn wọn dání. Ọba fún un láṣẹ láti gbógun ti àwọn MacGregor. Ọjọ́ 7 oṣù Kejì 1603 ni wọ́n pàdé ní Glen Fruin. Àwọn Colquhoun ló pọ̀ jù, wọ́n sì gun ẹṣin, ṣùgbọ́n àfonífojì tóóró ni, ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀, ẹṣin kò rí ibi sá gbà. Ìwé ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí Alasdair létí lẹ́yìn náà ka ènìyàn 140 tó kú, màlúù 600, àgùntàn àti ewúrẹ́ 800, àti ẹṣin 280 tí wọ́n kó lọ. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló kú nínú àwọn MacGregor. Iain Dubh, ọmọ Marion, wà lára wọn.

Ọjọ́ 55 lẹ́yìn Glen Fruin ni òfin tí mo fi bẹ̀rẹ̀ jáde.

Archibald Campbell, olórí gbogbo Campbell, ẹni tó wà lórí oyè Argyll, ló mú Alasdair. Ó ṣèlérí fún un pé òun yóò mú un dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní àlàáfíà, kó lè lọ ro ẹjọ́ ara rẹ̀ níwájú ọba. Wọ́n mú un kọjá ààlà lóòótọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìlérí ti ṣẹ. Wọ́n wá dá a padà sí Edinburgh. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kìíní 1604, wọ́n so ó rọ̀ ní gbangba ìlú pẹ̀lú àwọn kan nínú àwọn èèyàn rẹ̀. Torí pé òun ni olórí, wọ́n gbé tirẹ̀ ga ju tàwọn yòókù lọ. Kó tó kú, ó sọ̀rọ̀, wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀: ó ní Argyll fúnra rẹ̀ ló ń tì í lẹ́yìn pé kó lọ bá àwọn Colquhoun jà. Ohun tí Marion fi orin sọ nípa ẹbí rẹ̀ ní 1570 tún ṣẹ sí ọmọ rẹ̀ lára ní ọdún 34 lẹ́yìn rẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ bá parí síbẹ̀, a ó ní wọ́n jà, wọ́n ṣẹ̀, wọ́n sì jìyà. Kò parí síbẹ̀. Ní 1611, ìjọba kéde pé MacGregor tó bá pa MacGregor ẹgbẹ́ rẹ̀, tó gbé orí rẹ̀ wá, yóò rí ìdáríjì gbà. Ní 1613, wọ́n ní ẹnikẹ́ni tó ti jẹ́ orúkọ náà rí kò gbọdọ̀ gbé ohun ìjà kankan àyàfi ọ̀bẹ tí kò ní ṣóńṣó, èyí tí yóò fi gé ẹran jẹ. Wọn kò sì gbọdọ̀ pé ju mẹ́rin lọ níbì kan. Mẹ́rin! Ta ni yóò gbẹ́ ilẹ̀ òkú, ta ni yóò gbé e? Ní 1617, ilé aṣòfin fìdí gbogbo rẹ̀ múlẹ̀, wọ́n sì nà án dé orí àwọn ọmọ tó wà ní kékeré nígbà òfin àkọ́kọ́, nítorí wọ́n rí i pé àwọn ọmọ náà ti ń dàgbà.

Òfin 1633, nígbà ayé Ọba Charles Kìíní, ló yà mí lẹ́nu jù. Àwọn tó kọ ọ́ mọ ibi tí orúkọ ń gbé. Wọ́n ní àlùfáà kankan ní ilẹ̀ òkè kò gbọdọ̀ fi Gregor sọ ọmọkùnrin kankan lórúkọ níbi ìrìbọmi. Wọ́n tún ní akọ̀wé tàbí agbẹjọ́rò kankan kò gbọdọ̀ kọ Gregor tàbí MacGregor sínú ìwé àdéhùn. Ẹni tó bá kọ ọ́ yóò pàdánù iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ wò ó: ẹnu ọ̀nà méjì péré ni orúkọ ń gbà wọ inú ìwé nígbà ayé wọn, ojú omi ìrìbọmi àti tábìlì akọ̀wé, wọ́n sì ti méjèèjì. Ẹni tí kò lè fi orúkọ rẹ̀ tọwọ́ bọ̀wé kò lè fi í ra ilẹ̀, kò lè fi í yá owó, kò lè fi í pín ogún.

Kí ni wọ́n wá ń jẹ́? Ẹni tó bá fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ òfin ní láti ní onídùúró, ènìyàn ńlá tí yóò fọwọ́ sọ̀yà pé èyí kò ní dàlú rú. Ọ̀pọ̀ ló wá gba orúkọ ẹni tó dúró fún wọn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe di Drummond, Murray, Graham, Stewart, Grant. Àwọn kan ní Gregory làwọn ń jẹ́, tó sún mọ́ ti ilé. Àwọn mìíràn, tó dùn mí gidigidi láti kọ, di Campbell. Nínú ìwé kóòtù àti ìwé gbèsè ọ̀rúndún 17, a ó rí ẹni tí wọ́n kọ ní orúkọ méjì pọ̀, Graham tí wọ́n tún ń pè ní MacGregor. Akọ̀wé kò fẹ́ kí ẹni náà já bọ́, torí gbogbo àdúgbò ló mọ ilé tó ti wá.

Inú ilé ni òfin kò ti rọ́nà wọ̀. Ara òkè tó ń sọ Gaelic kì í sábà lo orúkọ ìdílé nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́. Orúkọ bàbá rẹ̀ àti bàbá bàbá rẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é, tàbí àwọ̀ irun rẹ̀: Ruadh ni pupa, Dubh ni dúdú, Bàn ni funfun. Orúkọ ìwé wà fún ojú ọ̀nà àti ọjà. Orúkọ ilé wà fún ìdí ààrò. Yorùbá mọ̀ ọ́n dáadáa, àwa tí orúkọ tí a ń jẹ́ ní ilé ìwé lè yàtọ̀ sí èyí tí ìyá àgbà fi ń pè wá. Mo máa ń ronú kan àwọn Sàró náà, àwọn tí wọ́n jí kó láti ilé, tí wọ́n gbà sílẹ̀ lójú òkun, tí wọ́n sì di Macaulay tàbí Crowther ní Freetown. Orúkọ àjèjì ni wọ́n fi lé àwọn yẹn lórí. Ti MacGregor, orúkọ ilé ni wọ́n gbà. Síbẹ̀, nínú ilé méjèèjì, àwọn ìyá kò yéé sọ ibi tí wọ́n ti wá fún ọmọ.

Ní 1661, Ọba Charles Kejì gbé òfin náà kúrò, torí pé àwọn MacGregor jà fún ìdílé rẹ̀ nígbà ogun abẹ́lé. Láàárín àlàáfíà yìí ni wọ́n bí ọmọ kan ní Glengyle, ní orí Loch Katrine. Ọjọ́ 7 oṣù Kẹta 1671 ni wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un: Robert, ọmọ Donald MacGregor àti Margaret Campbell. Irun rẹ̀ pọ́n, wọ́n ń pè é ní Raibeart Ruadh. Òun ni ayé mọ̀ sí Rob Roy. Ìwé ṣọ́ọ̀ṣì kọ orúkọ bàbá rẹ̀ sílẹ̀ gedegbe, láìfi bò. Nígbà tó pé ọmọ ọdún 22, ní 1693, Ọba William Kẹta dá òfin náà padà, ọkùnrin tó ti ń jẹ́ orúkọ kan láti kékeré sì tún ní láti wá òmíràn. Ó mú ti ìyá rẹ̀. Robert Campbell ló ń fi tọwọ́ bọ̀wé.

Àwọn èèyàn máa ń sọ ìtàn Rob Roy bí ìtàn akọni: òwò màlúù, gbèsè tó jẹ olóyè Montrose, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ di ẹni tí òfin ń wá. Lójú tèmi, àwọn ọmọ rẹ̀ ló fi ohun tí òfin orúkọ ń ṣe hàn jù. James Mor, James Ńlá, ń jẹ́ Drummond. Àbúrò rẹ̀, Robin Òg, Robin Kékeré, ń jẹ́ Campbell. Ọmọ bàbá kan, ọmọ ìyá kan, Mary ìyàwó Rob. Nígbà tí ẹjọ́ obìnrin opó kan tí wọ́n fi tipátipá gbé níyàwó kó wọn dé kóòtù ní Edinburgh, orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi pe ọmọ ìyá méjì. Wọ́n so Robin rọ̀ ní oṣù Kejì 1754; James sá lọ sí ilẹ̀ Faransé, ó sì kú síbẹ̀ ní ọdún kan náà.

Bàbá wọn ti kú lórí ibùsùn rẹ̀ ní ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá 1734. Inú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì Balquhidder ló wà, ìlú kan náà tí Alasdair ti búra lórí òkú. Wọ́n ti kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta sí orí ibojì náà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Bí a bá sọ ọ́ ní Yorùbá, yóò jẹ́: MacGregor ni, bí wọ́n fẹ́, bí wọ́n kọ̀.

Ní 1774, nígbà ayé Ọba George Kẹta, ilé aṣòfin pa òfin náà rẹ́ pátápátá. Kò sí ariwo. Àwọn tó ṣe é kò sí láyé mọ́, ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n ṣe é sí ti di Drummond ìran karùn-ún, ìran kẹfà. Ṣùgbọ́n ìdílé tí olórí rẹ̀ kò ti fojú hàn fún ọdún púpọ̀ ní láti mọ ẹni tí yóò ṣíwájú. Ènìyàn 826 fọwọ́ sí ìwé pé àwọn jẹ́ MacGregor, àti pé ọ̀gágun John Murray ti Lanrick ni olórí àwọn. Bẹ́ẹ̀ ni, Murray. Olórí gbogbo MacGregor ń jẹ́ orúkọ tí wọ́n fi sá fún ikú. Ọdún 1822 ni ìdílé rẹ̀ tó gba ìwé àṣẹ ọba láti padà sí MacGregor. Ní ọdún yẹn kan náà, nígbà tí Ọba George Kẹrin wá sí Edinburgh, àwọn MacGregor wà lára àwọn tó ṣọ́ adé àti idà ọba Skọ́tíláǹdì bí wọ́n ṣe ń gbé e kọjá ní ìgboro.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló padà. Òmíràn ti fi Graham gbé ìyàwó, ó ti fi ra oko, ó ti fi sin bàbá rẹ̀. Òmíràn ti wọkọ̀ òkun lọ sí Amẹ́ríkà tàbí Kánádà gẹ́gẹ́ bí Campbell, ọmọ rẹ̀ kò sì mọ nǹkan mìíràn. Ìdí nìyí tí ẹni tó bá ń wá ìran rẹ̀ ní Skọ́tíláǹdì lónìí fi lè tọpa Drummond padà títí, kó wá kan ògiri ní ọ̀rúndún 17. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń tẹ̀lé ìlà bàbá sí ọmọkùnrin ti wá ń fi ilé han àwọn kan tí ìwé kò lè fi hàn mọ́.

Orúkọ náà dé ọ̀dọ̀ tiwa. Macgregor Laird, tó rán ọkọ̀ ojú omi Pleiad wọ odò Ọya ní 1854, tí Samuel Àjàyí Crowther sì wà nínú rẹ̀, orúkọ ìdílé ìyá rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni William MacGregor, tí wọ́n bí ní 1846 ní Towie, ní agbègbè Aberdeen, ọdún 72 lẹ́yìn tí òfin náà kú. Ọmọ àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ kò tó nǹkan ni, ó kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn, ó sì di gómìnà Èkó láti 1899 sí 1904. Ó bá ibà jà: ó ní kí wọ́n fa omi ẹrẹ̀ kúrò, kí àwọn ènìyàn máa lo oògùn kuníní. Ipadò tí wọ́n gbẹ́ láàárín Erékùṣù Èkó àti Ìkòyí láti gbẹ irà ibẹ̀ ni àwọn ará Èkó mọ̀ sí MacGregor Canal. Mi ò gbàgbé pé ìjọba amúnisìn ló ń ṣojú fún, òun náà sì ṣòfin lé àwọn ènìyàn lórí láìjẹ́ pé wọ́n yàn án. Àmọ́ nígbàkígbà tí mo bá rántí òfin 1633, ọwọ́ ọkùnrin yìí ni mo máa ń rí ní ọ́fíìsì rẹ̀ ní Marina, tó ń ti kálàmù bọ tàdáwà, tó sì ń kọ MacGregor sí ìsàlẹ̀ ìwé.